Géèjì Epo Tó Ń Purọ́: Ká Fọ Fúlóòtà, Ká Pààrọ̀ Rẹ̀, Àbí Ká Ra Pọ́ǹpù Lódindi?

Tí ọwọ́ géèjì epo bá ń gbọ̀n, tó ń fò lọ bá F, tó tún ń já wálẹ̀ sí E láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fa epo, gbólóhùn àkọ́kọ́ tó sábà máa ń tẹnu mẹkáníìkì jáde ni, "Ọ̀gá mi, pọ́ǹpù la máa pààrọ̀ o." Ẹ̀yin àti òun á forí lé Ládípọ̀ ní Mushin, tàbí Àràròmi ní Agodi Gate tó bá jẹ́ Ìbàdàn lẹ wà. Pọ́ǹpù pẹ̀lú ike rẹ̀ lódindi á wọ inú táǹkì, owó á sì ti lọ. Nígbà mìíràn, géèjì á gbọ́rọ̀. Nígbà mìíràn, kò ní pẹ́ tí á fi padà sí ìwà rẹ̀, torí pé inú táǹkì kọ́ ni àrùn náà wà.

Pọ́ǹpù lódindi ló wọ́n jù nínú gbogbo ohun tẹ́ ẹ lè ṣe sí géèjì epo, àfi tẹ́ ẹ bá ka mítà dáṣíbọọ̀dù mọ́ ọn. Ó yẹ kó wà lára ohun tó máa gbẹ̀yìn. Ẹni tó ń wa Corolla, Camry, Accord, Civic àti ẹgbẹ́ wọn tòkunbọ̀ ni mò ń bá sọ̀rọ̀ jù, torí àwọn ló kún títì wa.

Ibi mẹ́ta ni irọ́ ti lè wá

Nínú táǹkì, ohun kan wà tó ń léfòó lórí epo, bíi bọ́ọ̀lù tó wà nínú táǹkì omi orí òrùlé. Fúlóòtà ni wọ́n ń pè é, òun pẹ̀lú irin àti pátákó tó bá a rìn. Irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan so ó mọ́ ara ike pọ́ǹpù. Ní ìdí irin yẹn, ahọ́n irin kékeré kan ń rìn lórí pátákó pẹlẹbẹ kan tí iná ń gba ojú rẹ̀ kọjá. Bí epo bá ṣe ń lọ sílẹ̀ ni ahọ́n náà ń sún, tí ìdènà tí iná ń bá pàdé sì ń yí padà. Mítà tó wà níwájú dẹ́rẹ́bà ló ń sọ ìyẹn di F, ìdajì tàbí E. Wáyà ló so méjèèjì pọ̀, títí kan áàtì tó ń dá iná padà sí ara ọkọ̀.

Nítorí náà, ó lè jẹ́ fúlóòtà, ó lè jẹ́ wáyà, ó sì lè jẹ́ mítà. Nínú ọkọ̀ tó ti pẹ́, fúlóòtà ni mo máa kọ́kọ́ fura sí. Òun nìkan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ń lọ sókè sódò nínú epo lójoojúmọ́, ohun tó bá sì wà nínú epo, ara rẹ̀ ló ń bà sí. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2004, epo tí imí-ọjọ́ inú rẹ̀ pọ̀ jù jáde láti ilé ìfọpo kan ní Louisiana lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Ó dé ilé epo káàkiri Florida, ó sì ba fúlóòtà ọkọ̀ jẹ́ débi pé géèjì àwọn kan ń fi F hàn nígbà tí táǹkì ti fẹ́ gbẹ. Fàdákà ni wọ́n fi ń ṣe ojú ibi tí iná ti ń kan ara wọn nínú ọ̀pọ̀ fúlóòtà, imí-ọjọ́ sì ni ọ̀tá fàdákà.

Nílé wa níbí, ohun mìíràn tún ń ṣẹlẹ̀. Láti ìgbà tí wọ́n ti kéde pé owó ìrànwọ́ epo ti lọ, ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023, ọ̀pọ̀ wa ò ra full táǹkì mọ́. Ẹgbẹ̀rún márùn-ún lónìí, ẹgbẹ̀rún márùn-ún lọ́túnla. Fúlóòtà kò kúrò nísàlẹ̀ mọ́, apá kan ṣoṣo lójú pátákó yẹn ni ahọ́n irin ń ha láàárọ̀ lálẹ́. Ìdí nìyẹn tí géèjì ọkọ̀ mìíràn fi máa ń ṣe dáadáa láti F títí dé ìdajì, tí orí rẹ̀ á wá dàrú tó bá ti sún mọ́ E. Ibẹ̀ gan-an lẹ sì ti nílò rẹ̀ jù.

Ohun tí kì í ṣe àrùn

Ẹ kọ́kọ́ yọ èyí kúrò. Tẹ́ ẹ bá ń ra epo láì pa ọkọ̀, nítorí pé ooru mú, tí éésì sì ń fẹ́, géèjì lè má tètè gòkè. Wọ́n dìídì ṣe ọ̀pọ̀ ọkọ̀ òde òní kí ọwọ́ géèjì máa rìn díẹ̀díẹ̀, kí epo tó ń jó nínú táǹkì má bàa máa fì í síwá sẹ́yìn. Ẹ pa ọkọ̀, ẹ ra epo, ẹ wá ṣíná sí i, ẹ ó rí i pé á gbéra lọ síbi tó yẹ. (Iná ni títan ọkọ̀ sílẹ̀ nílé epo lè dá sílẹ̀ pẹ̀lú, ṣùgbọ́n ta ló ń gbọ́?)

Ẹ̀gbẹ́ òkè tẹ́ ẹ gbé ọkọ̀ sí náà ń yí géèjì padà, ìyẹn ò nílò mẹkáníìkì. Tí ilé epo kan bá sì wà tó jẹ́ pé ibẹ̀ nìkan ni géèjì yín kì í ti í gòkè dáadáa, tó ń gòkè níbòmíràn, ọ̀rọ̀ náà ò sí lọ́wọ́ fúlóòtà. Ẹ gbé kẹ́ẹ̀gì tẹ́ ẹ mọ ìwọ̀n rẹ̀ lọ síbẹ̀, kẹ́ ẹ lè mọ̀ bóyá epo tí wọ́n ń tà fún yín pé.

Ẹ wo bó ṣe ń purọ́

Irọ́ géèjì kò rí bákan náà. Èyí tó ń gbọ̀n tí ọkọ̀ bá wọ kòtò, tó ń dúró jẹ́ẹ́ lójú ọ̀nà tó tẹ́jú, ń tọ́ka sí ahọ́n tí kò fún mọ́ tàbí sọ́kẹ́ẹ̀tì tó ti yọ̀. Èyí tó ń dára lókè tó ń burú nísàlẹ̀ ni mo ti sọ: ojú pátákó ló ti jẹ. Tó bá jẹ́ pé ìgbà tẹ́ ẹ tẹ búréèkì tàbí tẹ́ ẹ tan iná ẹ̀yìn ni ọwọ́ géèjì máa ń sún, ẹ má wulẹ̀ ṣí táǹkì. Áàtì tí iná ẹ̀yìn àti fúlóòtà jọ ń lò ti dípẹtà tàbí kó ti tú. Tí géèjì epo àti ti ooru ẹ́ńjínì bá jọ ń ṣe wèrè lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ kọjú sí mítà iwájú àti iná tó ń lọ síbẹ̀.

Méjì kan wà tó yẹ kẹ́ ẹ mọ̀ dáadáa. Géèjì tó lọ dúró sí ojú kan láti ọjọ́ tí wọ́n ti pààrọ̀ pọ́ǹpù, irin fúlóòtà ló há mọ́ ara táǹkì tàbí tó wọ́ nígbà tí wọ́n ń tì í wọlé. Ẹni tó ṣe é ló yẹ kó tún un ṣe, kì í ṣe ẹ̀yin lẹ máa tún sanwó. Èkejì ni táǹkì tí òkúta tàbí báǹpù ti tẹ̀ nísàlẹ̀: epo tó ń gbà ti dín kù, fúlóòtà ò sì lè dé ìsàlẹ̀ mọ́, nítorí náà epo á tán pátápátá kí géèjì tó sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ wo abẹ́ ọkọ̀.

Ta lẹ máa pè, mẹkáníìkì tàbí rewáyà?

Rewáyà, ìyẹn oníṣẹ́ iná ọkọ̀, ni o, kì í ṣe mẹkáníìkì. Kẹ́ ẹ sì sọ fún un kó tó fọwọ́ kan nǹkan: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi fi mítà wọ̀n ọ́n ná, kẹ́ ẹ tó tú u." (Mítà tí wọ́n fi ń wọn iná ni mò ń wí, kì í ṣe ti iwájú dẹ́rẹ́bà.) Rewáyà tí kò ní mítà tí wọ́n fi ń wọn iná lọ́wọ́, àbá ló máa dá, owó yín ló sì máa fi dá a.

Bí wọ́n ṣe ń wọ̀n ọ́n nìyí. Nínú ọ̀pọ̀ Corolla àti Camry, tẹ́ ẹ bá gbé ìjókòó ẹ̀yìn kúrò, ẹ ó rí ìdérí kan, abẹ́ rẹ̀ ni sọ́kẹ́ẹ̀tì pọ́ǹpù àti fúlóòtà wà. Ọkọ̀ mìíràn, pàápàá píkọ́ọ̀pù, àfi kí wọ́n sọ táǹkì kalẹ̀, iṣẹ́ wọn sì wọ́n ju ti Corolla lọ. Rewáyà á yọ sọ́kẹ́ẹ̀tì náà, á ṣíná, á wo géèjì. Nínú Toyota àti Honda, ìdènà iná kéré nígbà tí epo bá kún, ó máa ń pọ̀ sí i bí epo ṣe ń tán. Nítorí náà, tó bá yọ sọ́kẹ́ẹ̀tì, géèjì gbọ́dọ̀ já sí E. Tó bá so wáyà fúlóòtà mọ́ áàtì, ó gbọ́dọ̀ lọ sí F. Tí géèjì bá gbọ́ méjèèjì wẹ́rẹ́, tí kò gbọ̀n, a jẹ́ pé wáyà àti mítà iwájú ò jẹ̀bi, inú táǹkì ni wàhálà wà. Tí kò bá gbọ́, ẹ má ra fúlóòtà kankan.

Ìkìlọ̀ méjì. Wáyà tó ń gbé iná pọ́ǹpù máa ń wà nínú sọ́kẹ́ẹ̀tì kan náà. Ẹni tí kò mọ èyí tó jẹ́ ti fúlóòtà kò gbọdọ̀ so ohunkóhun mọ́ra. Gbogbo ìdánwò yìí sì gbọ́dọ̀ wáyé nígbà tí ẹnu táǹkì ṣì wà ní dídé, nítorí pé ẹ̀ta iná kan ṣoṣo lórí epo tó ṣí sílẹ̀ ti tó láti dá iná sílẹ̀.

Chevrolet àti GMC tó ti pẹ́ díẹ̀ kì í ṣe bíi Toyota. Tiwọn ń lọ láti ohm (ohun tí wọ́n fi ń ka ìdènà iná) 0 nígbà tí táǹkì ṣófo sí 90 nígbà tó kún, òdìkejì pátápátá. Ẹ fi èyí sọ́kàn nígbà tẹ́ ẹ bá dé ọjà, tẹ́nì kan bá ń sọ fún yín pé, "Dádì, ó bá ojú ẹ̀ mu, ẹ gbé e." Ó lè wọ ojúhò rẹ̀ wẹ́rẹ́ kó sì máa sọ pé epo kún nígbà tó ti gbẹ.

Síkánà, ẹ̀rọ tó ń ka kóòdù àṣìṣe látinú kọ̀ǹpútà ọkọ̀, ńkọ́? Ó wúlò, ó sì rọrùn, torí kò sí ohun tẹ́ ẹ máa tú. Kóòdù P0460 sí P0464 ló jẹ mọ́ ìwọ̀n epo nínú táǹkì. Síkánà tó dáa tún lè fi ìdá epo nínú ọgọ́rùn-ún hàn lójú ẹ̀rọ. Tí nọ́ńbà yẹn bá dúró jẹ́ẹ́ tí ọwọ́ géèjì sì ń jó, mítà iwájú ló jẹ̀bi. Ṣùgbọ́n tí méjèèjì bá jọ ń jó, ẹ má tíì dájọ́: nínú ọkọ̀ mìíràn, mítà iwájú ló ń kọ́kọ́ gba ìròyìn lọ́wọ́ fúlóòtà kó tó pín in fún kọ̀ǹpútà ọkọ̀, irọ́ kan náà ni wọ́n á jọ máa pa.

Àwọn ọ̀nà náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn

| Ohun tẹ́ ẹ lè ṣe | Ìgbà tó bọ́ sí i | Ìnáwó | Bó ṣe máa ń pẹ́ |
|---|---|---|---|
| Títún áàtì àti wáyà ṣe | Géèjì ń sún tẹ́ ẹ bá tan iná tàbí tẹ búréèkì | Owó iṣẹ́ nìkan | Ó lè má yọjú mọ́ |
| Fífọ fúlóòtà | Ìdọ̀tí bo ojú pátákó, kò tíì jẹ | Kékeré | Kò dájú |
| Fúlóòtà tòkunbọ̀ | Ojú pátákó ti jẹ, pọ́ǹpù ṣì le | Ìwọ̀nba | Dáadáa, tẹ́ ẹ bá wọ̀n ọ́n kẹ́ ẹ tó rà á |
| Fúlóòtà tuntun ọ̀rìjínà | Bí tòkè | Ó wọ́n | Ó pẹ́ jù |
| Pọ́ǹpù lódindi | Pọ́ǹpù fúnra rẹ̀ ti ń kú | Ó ga | Ó sinmi lórí irú èyí tẹ́ ẹ rà |
| Mítà iwájú | Wáyà àti fúlóòtà ti yege ìdánwò | Ó ga | Ó ń pẹ́ |

Fífọ̀ tàbí pípààrọ̀?

Fífọ̀ ni mo máa ń gbà èèyàn níyànjú láti kọ́kọ́ gbìyànjú nígbà tí wọ́n bá ti gbé pọ́ǹpù jáde, torí owó iṣẹ́ ṣíṣí rẹ̀ ti lọ tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣe é bó ṣe yẹ. Owú kékeré àti sípíríìtì tí kò lómi nínú, tàbí kẹ́míkà tí rewáyà fi ń fọ ojú iná, ló tó. Tí ìdọ̀tí bá lẹ̀ pinpin, írésà pẹ́ńsù lè yọ ọ́. Ẹni tó bá mú sáńpépà jáde, ẹ gba fúlóòtà yín lọ́wọ́ rẹ̀. Ojú tí iná ń gbà lórí pátákó yẹn fẹ́lẹ́ gan-an, tí wọ́n bá ti ha á tán, ó parí nìyẹn.

Lẹ́yìn fífọ̀, ẹ fi mítà wọ̀n ọ́n: kí rewáyà máa fọwọ́ gbé irin fúlóòtà sókè sódò pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kí nọ́ńbà máa yí padà láì fò. Ibi tó bá ti fò lójijì, tàbí tí mítà bá ti sọ pé kò sí ọ̀nà rárá, ibẹ̀ ni ojú pátákó ti jẹ. Ọgbọ́n kan wà tí àwọn rewáyà àgbà máa ń dá: wọ́n á tẹ ahọ́n irin náà díẹ̀ kó lè máa gba ẹ̀gbẹ́ tí kò tíì jẹ. Ó ń ṣiṣẹ́. Mi ò rò pé ó ń ṣiṣẹ́ pẹ́, ṣùgbọ́n ó lè gbé yín dé ìgbà tówó bá dé.

Ẹ mi ohun tó ń léfòó náà létí pẹ̀lú. Tẹ́ ẹ bá gbọ́ epo nínú rẹ̀, ó ti jò, ó ti wúwo, kò sì lè gòkè mọ́. Fífọ pátákó ò ràn án.

Tòkunbọ̀ tàbí tuntun inú páálí?

Níbi yìí, mo ní ẹ̀gbẹ́ tí mo wà. Fúlóòtà tòkunbọ̀ tó jáde látinú ọkọ̀ irú tiyín gan-an, ọdún kan náà, sàn lójú mi ju tuntun inú páálí tí ẹ kò mọ ẹni tó ṣe é. Ti inú páálí lè dán gbinrin, kí irin rẹ̀ gùn díẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, géèjì á sì máa sọ ìdajì nígbà tó ku ìdá kan nínú mẹ́rin. Ohun tí tòkunbọ̀ ń béèrè lọ́wọ́ yín ni pé kẹ́ ẹ mú mítà dání lọ sọ́jà. Lójú ẹni tó ń tà á ni kẹ́ ẹ ti wọ̀n ọ́n, láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Tí kò bá gbà, ẹ kọjá sí ṣọ́ọ̀bù kejì.

Ọ̀rìjínà tuntun látọ̀dọ̀ aṣojú ilé-iṣẹ́ ló dáa jù nínú gbogbo wọn, ẹnikẹ́ni tó bá lè ra á kó ra á. Fún Corolla ọdún 2004, mi ò rí ìdí tí ọ̀pọ̀ èèyàn fi máa náwó tó bẹ́ẹ̀ sí i.

Fúlóòtà nìkan tàbí pọ́ǹpù lódindi?

Nínú ọ̀pọ̀ Toyota àti Honda, fúlóòtà ń yọ lára ike pọ́ǹpù láyè ara rẹ̀. Mẹkáníìkì tó sọ pé wọn kì í tà á lọ́tọ̀ lè má purọ́, ó lè jẹ́ pé òun ò wá a rí. Ìgbà tí mo máa fara mọ́ ọn ni tí pọ́ǹpù fúnra rẹ̀ ti ń hu, tí ọkọ̀ ò tètè gbá láàárọ̀, tàbí tó ń fà nígbà tẹ́ ẹ bá tẹ ẹ̀ lórí ẹsípírẹ́ẹ̀sì. Ọ̀pọ̀ pọ́ǹpù ló kàgbákò ní oṣù kejì ọdún 2022, nígbà tí epo tí methanol (irú ọtí oníkẹ́míkà kan) inú rẹ̀ ju ìwọ̀n tí ìjọba fọwọ́ sí wọ orílẹ̀-èdè yìí. Tó bá jẹ́ pé pọ́ǹpù ti wà lójú ikú, kò sídìí láti máa sanwó ṣíṣí táǹkì lẹ́ẹ̀mejì.

Ẹni tó ní BMW tàbí jíìpù tí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rẹ̀ ń fà gbọ́dọ̀ béèrè bóyá fúlóòtà méjì ló wà nínú táǹkì. Nínú ọ̀pọ̀ wọn, ọ̀pá tó ń yí táyà ẹ̀yìn gba abẹ́ táǹkì kọjá, ó sì pín in sí apá ọ̀tún àti òsì. Ẹ lè pààrọ̀ ọ̀kan kí irọ́ náà máa bá a lọ.

Mítà iwájú

Èyí ṣọ̀wọ́n nínú ọkọ̀ Japan, ó sì wọ́pọ̀ nínú píkọ́ọ̀pù àti jíìpù GM (ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe Chevrolet àti GMC) ọdún 2003 sí 2006, tí mọ́tò kékeré tó ń yí ọwọ́ géèjì máa ń kú ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Níbẹ̀, ẹni tó mọ iṣẹ́ lè jó mọ́tò tuntun mọ́ ọn, ó sì pọ́ọ́kú ju kẹ́ ẹ ra mítà tòkunbọ̀ lọ. Mítà tòkunbọ̀ ń gbé ìwọ̀n kìlómítà ọkọ̀ ẹlòmíràn wá bá yín, èyí tó lè di ọ̀ràn lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá fẹ́ tà á.

Ká fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ńkọ́?

Ó ṣeé ṣe. Àwọn ìjàpá Volkswagen ìgbà ìjímìjí ò tilẹ̀ ní géèjì epo. Táàpù kékeré kan ni wọ́n máa ń fẹsẹ̀ yí sí epo ìpamọ́ tí ọkọ̀ bá ti ń kọ́. Lóde òní, nọ́ńbà tó ń ka ìrìn àjò, èyí tẹ́ ẹ lè dá padà sí òdo, ló rọ́pò rẹ̀. Táǹkì Corolla ọdún 2003 sí 2008 ń gba lítà 50. Tí lítà 10 bá ń gbé yín rin kìlómítà 100 nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ tiyín, full táǹkì á gbé yín tó 500. Ẹ wọ ilé epo tó bá ti dé 350.

Ibi tí ọgbọ́n yìí ti kùnà ni ọ̀dọ̀ ẹni tó ń ra ẹgbẹ̀rún márùn-ún márùn-ún. Kò mọ ibi tó ti bẹ̀rẹ̀, kò sì lè mọ ibi tó kù. Ẹni náà ló tún ń wakọ̀ nísàlẹ̀ táǹkì lójoojúmọ́, bẹ́ẹ̀ epo tó yí pọ́ǹpù ká ló ń tù ú lára. Pọ́ǹpù tí epo ò bò dáadáa á gbóná, á sì tètè kú. Fún irú ẹni bẹ́ẹ̀, mi ò ní fara mọ́ fífi sílẹ̀: lórí afárá Third Mainland l'Ékòó, tó gùn tó kìlómítà 11.8, owó ọkọ̀ tó máa wọ́ yín kúrò níbẹ̀ nìkan lè ju owó fúlóòtà lọ.

Tí wọ́n bá ṣe é tán

Kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, kí epo má kún ju ìdajì lọ, kí ọkọ̀ wà níta gbangba, kẹ́nikẹ́ni má mu sìgá nítòsí. Ẹ ní kí wọ́n yọ fíúùsì pọ́ǹpù, kí ẹ́ńjínì jó epo inú páìpù tán, kí wọ́n wá yọ orí bátìrì kí wọ́n tó tú u, kí epo má bàa tú sí wọn lójú. Rọ́bà tó yí ẹnu táǹkì ká, ẹ ra tuntun. Èyí tó ti wú kì í padà sójú ihò rẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ ra lítà 10 nílé epo tẹ́ ẹ fọkàn tán, kí ọkọ̀ wà ní pípa. Nínú Corolla olílítà 50 yẹn, ọwọ́ géèjì gbọ́dọ̀ gòkè tó nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún. Ẹ wa ọkọ̀ gba ọ̀nà tó ní kòtò, ẹ tan iná ẹ̀yìn, ẹ tẹ búréèkì, kẹ́ ẹ sì máa wo géèjì. Tí òórùn epo bá ń wọ inú ọkọ̀, ẹ má tíì sanwó tó kù. Kí wọ́n gbé ìjókòó ẹ̀yìn kúrò lẹ́ẹ̀kan sí i, kí wọ́n tún rọ́bà yẹn tò.